Ẹ̀rí Tí A Kò Gbọdọ̀ Béèrè

Vilkoshen, ọ̀sẹ̀ tí a ka Òfin Mẹ́wàá nílé àdúrà, 1907

Sí ọmọ mi Hinde, àti sí ọkọ rẹ Fayvish,

Àlàáfíà fún ilé yín àti fún ìsọ̀ yín. Kí òtútù Amẹ́ríkà má ju èyí tí ara yín lè gbà lọ. Àwa ń bẹ láàyè. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé orókún òun ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, àti pé aṣọ onírun tí o fi ránṣẹ́ gbóná jù fún ilé àdúrà, nítorí òun ń sùn lọ nínú rẹ̀. Ní tèmi, ojú ọ̀tún mi ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ti òsì ṣì ń kàwé fún àwọn méjèèjì.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. O rántí Gnesye oníbúrẹ́dì, tí ẹ jọ máa ń gun igi ápù tí kì í ṣe tiyín. Ọkọ rẹ̀, Nokhem, lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó sì ń kọ̀wé sílé lóṣooṣù. Lẹ́tà rẹ̀ ìkẹyìn dé ní ìgbà òtútù ọdún 1905, láti Duluth níbi tí ìwọ gan-an wà. Ó ní òun ń kiri wóróbo, abẹ́rẹ́ àti òwú àti dígí, fún àwọn àgbẹ̀ etí adágún. Láti ìgbà náà, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí Gnesye bá ti kó búrẹ́dì kúrò nínú ààrò tán, á wá sí ilé wa. Kì í sunkún. Á dúró sí ẹnu ọ̀nà, á sì bi mí pé, “Rábì, kí ni mo jẹ́?” Èmi tí mò ń dá àwọn ará ìlú lóhùn bí ṣíbí ẹran bá já sínú ìkòkò wàrà, tàbí bí wọ́n bá bá abẹ́rẹ́ nínú iwe adìyẹ, tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ náà ṣì bófin mu, n kò rí èsì fún un. Bí ọkọ rẹ̀ bá wà láàyè, kó ránṣẹ́ pè é tàbí kó fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́. Bó bá ti kú, mo nílò ẹ̀rí. Láìsí ọ̀kan nínú méjèèjì, kì í ṣe abilékọ, kì í ṣe opó. Òfin ń pe irú rẹ̀ ní obìnrin tí a dè mọ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Wá a fún mi, Hinde. Má fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀.

Bàbá rẹ, Meshulem


Duluth, ogúnjọ́ oṣù Kẹta, 1907

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo kí Ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn pé bí oorun bá ń kùn wọ́n nínú aṣọ náà, kí wọ́n máa sùn, àdúrà yín ti pọ̀ tó fún ẹni méjì.

Mo ti ṣe iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Ìròyìn ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìròyìn ni. Nokhem ti kú. Ìgbà méjì ló wọ ìsọ̀ wa ní ọdún 1905, ó mu ọbẹ̀ ẹja mi, ó sì ń ròyìn ọmọ rẹ̀, Taybele, títí ọbẹ̀ fi tutù. Nígbà tí a kò rí i mọ́, a rò pé ó ti gba Chicago lọ bí gbogbo èèyàn ṣe ń lọ. Bí lẹ́tà yín ṣe dé báyìí, mo wọ bàtà, mo forí lé èbúté. Fayvish ní kí n ṣe sùúrù. Mo ní obìnrin kan ń dúró.

Wọ́n júwe Heikki fún mi, ará Finland tó ń háyà ọkọ̀ ojú omi. Mo lọ bá a ní tààrà. Mo ní, “Ọ̀gá Heikki, ẹ mọ Nokhem oníwóróbo?” Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Mo ní, “Ṣé ó ti kú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ nílé tí kò lè fẹ́ ọkọ mìíràn, àfi tí ẹnì kan bá jẹ́rìí pé ọkọ rẹ̀ kú.” Ó yọ kòkò tábà lẹ́nu, àánú sì hàn lójú rẹ̀. Ó ní, “Ó ti kú, ìyá. Ọkọ̀ mi ló gbé lọ ní oṣù Kọkànlá. Ìjì jà, ọkọ̀ nìkan ló padà wá. Sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fẹ́ ẹni tó bá wù ú.”

N kò fi mọ níbẹ̀. Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, Heikki fọwọ́ sí i, wọ́n sì lu èdìdì lé e. Òun ni mo fi sínú lẹ́tà yìí. Ẹ wo bí ó ṣe tóbi tó.

Ẹ bá mi sọ fún Gnesye pé mo sunkún. Ẹ sì sọ fún Kalmen tó ń di ìwé (òfófó máa ń wọ ọkọ̀ òkun, Bàbá) pé kó má wulẹ̀ fi ìyẹ̀fun tó fẹ́ fi po àtè bojú mọ́ tó bá ń lọ sídìí ààrò Gnesye. Ó lè la ẹnu rẹ̀ báyìí.

Ọmọ yín, Hinde


Vilkoshen, ọ̀sẹ̀ tí a ka “Ẹ jẹ́ mímọ́”, 1907

Hinde, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. O ti fọ́ èyí tí mo rán ọ láti gbé wá, ẹsẹ̀ rẹ yá ló sì fà á.

Fetí sílẹ̀ dáadáa. Nínú ọ̀ràn obìnrin tí a dè mọ́lẹ̀, àwọn baba wa ṣí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn nítorí àánú. Ẹlẹ́rìí méjì là ń wá nínú ẹjọ́ yòókù, níhìn-ín a gba ọ̀kan. A gba obìnrin. A gba ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. A tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ Kèfèrí, ṣùgbọ́n lọ́nà kan ṣoṣo: kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó bi í, láìmọ̀ pé ẹ̀rí ni òun ń jẹ́, bí ẹni tó ń ròyìn bí òjò ṣe rọ̀ lánàá. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu èèyàn báyẹn kò ní ìdí láti jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí o ti sọ fún pé obìnrin kan ń dúró de ẹnu rẹ̀, kí ni kò ní sọ? Èèyàn rere ni Heikki rẹ. Ohun tó ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn.

Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ ló rí, kò rí ọkùnrin náà. Adágún yín kì í ṣe kòtò tí èèyàn lè dúró létí rẹ̀ kó rí gbogbo bèbè. Omi tí a kò rí ìpẹ̀kun rẹ̀ ni. Ẹni tó bọ́ sínú irú rẹ̀ lè yọ ní ibòmíràn.

Èdìdì náà dára. Ìyá rẹ fẹ́ràn ẹyẹ tó wà lórí rẹ̀. N kò rí nǹkan kan fi ṣe.

Ká ní “Ó ti kú” tí Heikki sọ nìkan lo kọ, tí o kò kọ ìbéèrè rẹ àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀, bóyá ǹ bá ti dá Gnesye sílẹ̀ nínú àìmọ̀. Ṣùgbọ́n o kọ gbogbo rẹ̀, mo sì ti kà á, ohun tí ojú bá ti kà, kò ṣeé dá padà. Mo sọ fún Gnesye ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní, “Hinde gbìyànjú,” ó sì padà sídìí ààrò rẹ̀.

Bàbá rẹ, Meshulem


Duluth, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà, 1907

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Ìyá mi àti orókún wọn. Bí lẹ́tà yìí bá gbóná lọ́wọ́ yín, ẹ foríjì mí. Inú ń bí mi, n kò sì ní ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn.

Ọkùnrin kan bọ́ sínú omi yìí ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí ẹja gan-an ń wá ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Gbogbo èbúté mọ̀ pé ó kú. Fayvish mọ̀. Heikki mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀, Bàbá. Òfin nìkan ni kò mọ̀.

Gnesye kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ti ń rí irun funfun lórí òun, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ní Kalmen kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ ti rí opó kan fún un ní Zhalin, wọn kò sì ní dúró kọjá Ìrékọjá tó ń bọ̀. Kò bẹ̀ mí pé kí n ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ rántí Yákhne tó ń ta iyọ̀, tí ọkọ rẹ̀ lọ sógun Tọ́kì tí kò padà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a rò pé wọ́n bí i ní arúgbó ni. Ó kú ní ẹni ọgọ́ta ọdún, òfin ṣì dè é mọ́ egungun tó wà lókè òkun. Ẹ̀yin lẹ sin ín. Ṣé irú rẹ̀ lẹ fẹ́ fi Gnesye ṣe?

Mo ní ìmọ̀ràn kan. Ẹ sun lẹ́tà mi ti oṣù Kẹta níná. Màá kọ òmíràn. Màá kọ ọ́ pé Heikki wá ra bọ́tìnnì nínú ìsọ̀ mi, tó sì ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun rí òkú Nokhem, òun sì sin ín. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Ta ni yóò mọ̀? Omi tó wà láàárín wa fẹ̀ tó láti gbé irọ́ kékeré kan mì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́. Mò ń dúró de èsì yín.

Hinde


Vilkoshen, ọ̀sẹ̀ tí a ka òfin àwọn adájọ́, 1907

Hinde,

Lẹ́tà rẹ dé. N kò sun ún, n kò sì sun ti oṣù Kẹta. Méjèèjì wà nínú àpótí tí ìwé ẹjọ́ Gnesye wà, ibẹ̀ ni wọn yóò máa wà.

O ní ta ni yóò mọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ náà yóò ṣe rí. Gnesye ti fẹ́ Kalmen, ó ti bímọ méjì fún un. Àlejò kan dé láti Duluth, ó jókòó jẹun nílé ẹnì kan, ó ní òun mọ Heikki, ẹni tí obìnrin kan wá bẹ̀ pé kó sọ pé ọkùnrin kan ti kú. Ọ̀rọ̀ ti dé ọjà kí àlejò tó fọwọ́. Rábì mìíràn tú ìdájọ́ mi ká. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ Kalmen, wọ́n sì pe àwọn ọmọ méjèèjì ní ọmọ àlè, tí ẹnikẹ́ni nínú Ísírẹ́lì kò gbọdọ̀ fẹ́, àwọn àti àwọn ọmọ ọmọ wọn. Ilẹ̀kùn tí mo bá máa ṣí fún Gnesye, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnì kankan kò ní lè tì padà mọ́ ọn lórí.

O mẹ́nu ba Yákhne. Kò sí ẹni tó mẹ́nu bà á fún mi rí láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ dé iwájú mi, òun ni ẹjọ́ ńlá àkọ́kọ́ tí mo gbà. Mo ní kí a dúró. Mo dúró fún ọdún méjìlélógún. N kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, n kò rán ẹnikẹ́ni lọ bi àwọn ọmọ ogun tó padà dé. Mo rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni. Nígbà tí a ń da iyẹ̀pẹ̀ sí i lára ni mo tó mọ̀ pé ọ̀lẹ ni mo ya.

Nítorí náà má sọ fún mi pé mo fẹ́ fi Gnesye ṣe Yákhne. Mo ti kọ lẹ́tà mọ́kànlélọ́gbọ̀n nítorí rẹ̀, sí Vilna, sí Kovno, sí gbogbo ibi tí Rábì tó mọ irú ẹjọ́ yìí wà. Ojú kan tó kù fún mi, ìdí ọ̀ràn rẹ̀ ni mò ń lò ó tán sí. N kò ní jáwọ́.

Ẹ̀bi kan sì wà tó jẹ́ tèmi. Mo rán ọ lọ gbọ́ ẹ̀rí, n kò kọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Gbọ́ ọ báyìí. Má lọ sí èbúté mọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí Nokhem ń kiri ọjà fún, àwọn náà ló ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ. Ṣí ìsọ̀ rẹ, pa ẹnu rẹ mọ́. Má dárúkọ rẹ̀, má dárúkọ ìjì, má dárúkọ ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sọ pé ọkùnrin náà kú, òun sì sin ín, ìgbà náà ni o lè máa bi í títí dé ìdí ọ̀rọ̀: ṣé ó rí ojú rẹ̀, iwájú orí àti imú, báwo ló sì ti pẹ́ tó tí òkú náà ti jáde nínú omi kó tó rí i? Ojú òkú tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ máa ń yí padà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Mo mọ ẹnu rẹ, Hinde. Láti kékeré lo ti ń bá èèyàn parí ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́ nítorí Gnesye, fi eyín di ahọ́n rẹ mú.

Bàbá rẹ


Vilkoshen, ọ̀sẹ̀ tí a ka ìtàn Nóà, 1907

Hinde ọmọ mi,

Ọdún tuntun wa ti wọlé, Ọjọ́ Ètùtù ti kọjá, àgọ́ àjọ̀dún ti tú, n kò rí lẹ́tà rẹ láti oṣù Kẹfà. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ síwájú mi bí ẹni ń bọ́ ológbò. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni pé mo fi òfin lé ọmọ òun lọ kọjá ibi tí òkun lé e dé.

Bóyá ọ̀rọ̀ mi le jù. Bí inú bá ń bí ọ, kọ ìbínú náà wá, n ó kà á.

Vilna ti fèsì. Wọ́n ní pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ mi, kò sí ọ̀nà. Mo ti tún kọ̀wé padà sí wọn. Gnesye ṣì ń wá ní Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kì í béèrè nǹkan mọ́, á kàn gbé búrẹ́dì kan sílẹ̀, á sì máa lọ. Ìbéèrè rẹ̀ sàn fún mi ju búrẹ́dì yẹn lọ.

Bàbá rẹ, tó ń retí rẹ


Duluth, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, 1907

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún. Kí a kọ orúkọ yín àti ti Ìyá mi sínú ìwé ìyè.

Ìbínú ni kò jẹ́ kí n kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà yín lórí Yákhne dé, ó di ìtìjú. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni mò ń ṣe, mò ń dákẹ́. Bàbá, mo ti bímọ rí, mo sì ti gun ọkọ̀ òkun nínú ìjì. Ìdákẹ́ yìí le ju méjèèjì lọ.

Mo gbé àga mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ààrò nínú ìsọ̀, mo sì ń se kọfí fún àwọn ará Finland. Wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ màlúù, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ. N kò béèrè nǹkan kan. Ọkùnrin kan tilẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan pé, “Ní ọdún tí ìjì burúkú yẹn jà,” ẹnu mi ti ṣí, mo sì pa á dé. Ó yí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, mo sunkún, mo nu ojú, mo sì padà wá bu kọfí sí i fún un.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìyá àgbà kan wọlé, Loviisa lorúkọ rẹ̀. Oko wọn wà létí adágún, ìrìn ọjọ́ méjì sí ibí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wọ ìlú, lẹ́yìn ìkórè. N kò rí i rí. Ó ní, “Fún mi ní aṣọ funfun, èyí tó nípọn, ti bẹ́ẹ̀dì.” Mo bi í pé ọ̀pá mélòó. Ó ní, “Mẹ́fà. Mo ní ọ̀kan tó dára tẹ́lẹ̀, ti ìgbéyàwó mi ni. Òun ni mo fi wé oníwóróbo yín tó kú, nígbà tí èmi àti ọkọ mi sin ín.”

Bàbá, ọwọ́ mi wà lórí aṣọ, n kò gbé e. Fayvish ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Títí di òní ló ń tiro. Mo wo aṣọ náà bí ẹni pé òun nìkan ló kàn mí láyé.

Loviisa kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Nokhem. Ọmọlúàbí èèyàn ni. Ilé wa ló ń sùn lóṣooṣù, kò sì jẹ ẹran wa rí, ẹyin ló ń sè nínú ìkòkò tirẹ̀. Ọdún tó kọjá, ní oṣù Kẹfà, adágún gbé e wá sí ẹsẹ̀ ilẹ̀ wa. Ọkọ mi kígbe, mo sáré lọ. Bí ẹni tó sùn ló rí. Omi wa tutù, kì í ba èèyàn jẹ́. Pásítọ̀ ní kò sí àyè fún un nínú ilẹ̀ ìjọ, ni ọkọ mi bá gbẹ́ ilẹ̀ sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé. Èmi ni mo fọ ojú rẹ̀. Ẹ wò ó, aṣọ yìí kì í ṣe irú èyí tó máa ń sún kì bí a bá fọ̀ ọ́?”

Ìgbà yẹn ni mo tó la ẹnu. Mo bi í bóyá ó rí ojú rẹ̀ kedere, iwájú orí àti imú. Ó ní, “Imú ńlá yẹn? Ta ni kò ní dá a mọ̀?” Mo bi í pé báwo ló ti pẹ́ tó tí òkú náà ti jáde nínú omi kó tó rí i. Ó ní àárọ̀ ni wọ́n rí i, ojú ẹsẹ̀ ni òun dé ibẹ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná ó ti wà nínú ilẹ̀.

Lẹ́yìn tó parí, n kò ní nǹkan kan láti bi í mọ́, ni mo tó sọ fún un pé ó ní ìyàwó nílé. Ó jókòó. Ó ní, “Ó máa ń sọ ti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Gbogbo ìgbà tó bá dé ló ń fi ọwọ́ wọ̀n bí ó ṣe ga tó hàn wá, kò sì mọ̀ pé ọmọ náà ń dàgbà.” Àwa méjèèjì sunkún, Fayvish náà sunkún, bóyá nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí n má baà fi tèmi kún un. Gbogbo ibi tí mo ti béèrè ọ̀rọ̀, mo fa ilà sí i nídìí nínú ìwé tó wà nínú lẹ́tà yìí, kí ẹ lè rí ohun tó ṣáájú. Bàbá, ṣé ó tó? Bí kò bá tó, ẹ sọ ohun tó kù. Àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀, màá tún dákẹ́.

Ọmọ yín, Hinde


Vilkoshen, ọ̀sẹ̀ tí Jósẹ́fù fi ara rẹ̀ han àwọn arákùnrin rẹ̀, 1907

Hinde ọmọ mi,

Ó tó.

Mo fi í ṣáájú ìkíni nítorí mo mọ̀ pé òun ni ìwọ náà yóò kọ́kọ́ wá. Ní báyìí, àlàáfíà fún ọ, àlàáfíà fún Fayvish àti fún ẹsẹ̀ rẹ̀.

N kò fẹ́ nìkan dá ẹjọ́ náà. Mo pe igbákejì mi níhìn-ín, mo sì ránṣẹ́ sí Rábì Elkone ti Zhalin. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ń pè é ní Kò-ṣeé-ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó gbà láàyè rí. Ìdí tí mo ṣe pè é nìyẹn. Bí òun bá fọwọ́ sí i, ta ni yóò tú u?

Ó ka ẹ̀rí rẹ, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, “Ọmọ rẹ ni. Ọ̀rẹ́ obìnrin náà ni. Ó sì ti bi ẹni àkọ́kọ́ léèrè. Kí ló fi dá wa lójú pé kò bi èyí náà?”

Mo lọ sídìí àpótí, mo kó gbogbo lẹ́tà rẹ jáde, mo sì gbé wọn síwájú rẹ̀, àti èyí tí o ti ní kí n sun ti àkọ́kọ́ níná kí o lè kọ irọ́. Ojú tì mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Rábì Elkone ka lẹ́tà irọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, “Nígbà tí obìnrin yìí fẹ́ purọ́ fún bàbá rẹ̀, ó kọ̀wé gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀.” Ó tún kà á. Ó ní, “Ẹni tí kò lè purọ́ láìgba àṣẹ, mo gba ẹ̀rí rẹ̀.” Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ṣáájú mi.

N kò dúró de Ọjọ́bọ̀. Mo wọ aṣọ òtútù, mo lọ bá Gnesye nídìí ààrò rẹ̀. Ó tó ọdún kan tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Mo ní, “Gnesye, a ti tú ọ sílẹ̀. O lè fẹ́ ẹni tó bá wù ọ́.” Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín.

Ó wò mí. Ó ní, “Á jẹ́ pé ó ti kú.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ibi tó wà fún un, àti ti igi, àti ti aṣọ ìyá àgbà yẹn.

Ó ní, “Títí di àná, ẹ máa ń sọ fún mi pé a kò mọ̀.”

Hinde, mo ti ka ìwé lórí obìnrin yìí títí ojú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé ọjọ́ tí mo bá dá a sílẹ̀ ni n ó pa ọkọ rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, òfin kò jẹ́ kó fẹ́ ẹlòmíràn, kò sì jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀ ẹni tó fẹ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí a ti ń ṣọ̀fọ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó sì sunkún. Taybele dé láti ìta, ó rí ìyá rẹ̀, ó lọ fara tì í.

Mo sọ òfin fún un. Ẹni tí ìròyìn ikú bá pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ọjọ́ méje láti fi ṣọ̀fọ̀, wákàtí kan péré ló ní. Mo fa àpótí ìjókòó kan, mo jókòó tì wọ́n. Mo sọ fún un pé èmi ni n ó máa ṣe àdúrà òkú fún Nokhem nílé àdúrà, nítorí kò fi ọmọkùnrin sílẹ̀. Búrẹ́dì ń jóná nínú ààrò, kò sẹ́ni tó dìde. Kalmen yọjú, ó rí wa, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó sì padà.

Nígbà tí wákàtí náà pé, mo ní, “Gnesye, ó tó. Òfin ní kí o dìde.”

Ó ní, “Rábì, ẹ ti wá inú gbogbo ìwé yín kí n lè dìde. Ṣé kò sí ìwé kan tó ní kí n ṣì jókòó díẹ̀ sí i?”

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń dá ẹjọ́, ọmọ mi. N kò wá inú ìwé kankan. Mo bọ́ bàtà tèmi náà, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ, Meshulem